Híítà Inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́: Kékeré Tí Í Ba Ńlá Jẹ́

Ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré, ọ̀rọ̀ tiyín ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Bí a bá dárúkọ híítà, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ènìyàn lára nínú ọkọ̀, ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, “Nínú oòrùn Ilé-Ogbó yìí, ta ni í wá ooru kún ooru?” Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n híítà tí ẹ kò tàn rí láti ọjọ́ tí ẹ ti ra ọkọ̀ yín lè sọ ẹ́ńjìnnì yín di àlòkù irin láàárín ìrìn-àjò kan ṣoṣo láti Ilé-Ogbó dé Ìbàdàn.

Kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń rìn láàárín Ilé-Ogbó, Kúta, Ọlúpọ̀nnà àti Ìwó, ìbáà ṣe Nissan Micra, Toyota Corolla tàbí Volkswagen Golf, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò wọ́n, híítà sì ti wà nínú wọn kí wọ́n tó gun orí omi wá sọ́dọ̀ wa. Àwa kò bèèrè fún un, ṣùgbọ́n ó bá ọkọ̀ wá. Nínú púpọ̀ wọn, omi ẹ́ńjìnnì ń gba inú híítà kọjá nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, yálà a tàn án tàbí a kò tàn án. Bí híítà bá ń jò, omi ẹ́ńjìnnì ni ó ń jò yẹn. Bí omi bá sì tán nínú ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì yóò jó, irin orí ẹ́ńjìnnì yóò wọ́, owó tí a fẹ́ fi ra ọjà tàbí san owó ilé ìwé ọmọ yóò sì gba ibẹ̀ lọ. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ.

Ẹni tí ó bá ní sùúrù, tí ó lè tú ìdè kan kí ó sì rántí ibi tí ó ti tú u, lè wádìí àìsàn híítà fúnra rẹ̀, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kí ó ṣáà mọ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi lè bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó lójú.

NÍBO NI OORU RẸ̀ TI Ń WÁ?

Nínú epo pẹtiróòlù tí a ń rà, bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ó ń yí táyà. Ìyókù di ooru. Apá kan ooru náà bá èéfín jáde láti ìdí ọkọ̀. Apá kan wọ inú omi tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká. Pọ́ǹpù a máa ti omi yìí lọ sí rédíétọ̀ ńlá tí ó wà níwájú ọkọ̀, kí atẹ́gùn lè tù ú, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà kékeré kan tún yà kúrò lára ọ̀nà ńlá yìí. Róbà omi méjì ni ó gba inú ògiri irin tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àwa tí a jókòó, wọ́n sì wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni rédíétọ̀ kékeré kan wà, tí kò ju ìwé ńlá kan lọ. Òun gan-an ni ọkàn híítà. Róbà kan ń gbé omi gbígbóná wọlé, èkejì ń gbé e padà. Fáànù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gba ara rẹ̀ kọjá. Nítorí náà híítà kì í jẹ epo kún epo. Ooru tí a ìbá dànù ni ó ń lò.

Ọgbọ́n yìí kò jẹ́ ti àná. Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Margaret Wilcox, gba ìwé àṣẹ ìjọba fún ẹ̀rọ tí ó ń mú inú ọkọ̀ gbóná ní ọdún 1893, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì ṣe tirẹ̀ fún. Ní 1938, ilé iṣẹ́ Nash ní Amẹ́ríkà gbé híítà kan jáde tí ń fa atẹ́gùn tuntun láti ìta, tí ń fi omi ẹ́ńjìnnì mú un gbóná kí ó tó fẹ́ ẹ wọlé. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú ọkọ̀ wa títí di òní.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Òun kò ní omi rárá. Ara páìpù èéfín ni atẹ́gùn ti ń gba ooru kí ó tó wọ inú ọkọ̀. Bí páìpù náà bá lu, èéfín yóò bá ooru wọlé. Májèlé tí ó wà nínú èéfín yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Oorun ni ó ń gbé bá ènìyàn, oorun náà sì lè má ní jíjí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní Ìjàpá tí ń rìn, kí ó yẹ ìdí ẹ̀ wò dáadáa kí ó tó tan ooru rẹ̀.

ÌWÚLÒ RẸ̀ FÚN WA

Ẹni tí ó bá jí lọ sí iṣẹ́ nínú ọyẹ́ ní oṣù Ọ̀pẹ tàbí oṣù Ṣẹrẹ mọ̀ pé òtútù ìdájí kì í ṣe eré. Bí òjò bá sì ń rọ̀, tí ènìyàn mẹ́rin sé mọ́ inú ọkọ̀, èémí wọn yóò bo gíláàsì iwájú títí awakọ̀ kò fi ní rí ọ̀nà. Atẹ́gùn gbígbóná tí híítà ń fẹ́ sí gíláàsì ni ó ń lé e lọ, pàápàá nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ti kú.

Ìwúlò kẹta ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ooru bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹ tan híítà dé òpin ooru, kí ẹ sì tan fáànù rẹ̀ dé òpin agbára. Yóò gbà díẹ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi rí ibi tí ó dára dúró sí. Lẹ́yìn náà ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá gòkè tí híítà sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, ó ṣeé ṣe kí omi ti tán. Ẹ má rìn mọ́. Ibi tí ó bá yín ni kí ẹ ti yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì pa á.

ÀMÌ ÀÌSÀN

Híítà kì í ṣàìsàn kí ó má sọ. Bí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ bá ń tutù, tí òjò kò sì rọ̀, ẹ fura. Bí òórùn dídùn kan bí omi ṣúgà bá ń rùn nínú ọkọ̀, òórùn omi aláwọ̀ tí a ń pè ní kúláǹtì ni. Bí ìkùukùu tí ó ní ọ̀rá bá ń bo gíláàsì iwájú láti inú, tí a nù ún tí kò lọ tán, híítà ni ó ń tu omi jáde bí ọyẹ́. Bí ẹ bá sì ń bu omi kún rédíétọ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ kò rí ibi tí ó ń kán sí nílẹ̀, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ tó lọ bá aṣerédíétọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo híítà tí kò gbóná ni ó lu. Ẹ kọ́kọ́ wo omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí ó bá dín, ẹ bù ú kún. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín, kí ẹ tan híítà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan róbà méjèèjì tí ó wọ ògiri.

Bí méjèèjì bá gbóná, omi ń lọ dáadáa. Ilẹ̀kùn kékeré tí ń darí atẹ́gùn tàbí wáyà tí ń fà á ni kí ẹ wádìí. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, inú híítà ti dí, tàbí ẹnu ọ̀nà omi rẹ̀ kò ṣí. Bí méjèèjì bá lọ́wọ́ọ́rọ́ lásán, ẹ béèrè tamọsítáàtì. Aṣọ́nà kékeré ni èyí, tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ ńlá títí ooru yóò fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 ti Celsius. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ni ó máa ń yọ ọ́ dànù, tí wọ́n ń ní ilẹ̀ wa gbóná jù fún un. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i kì í tètè gbóná tó bí ó ti yẹ, a sì máa jẹ epo ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé fáànù ni kò fẹ́, ẹ wo fíúsì rẹ̀ ná.

Èyí tí ó dí lè má nílò pípààrọ̀. Ẹ tú róbà méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ sì rọra da omi mímọ́ gba ẹnu ọ̀nà tí omi ń bá jáde, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tí ó bá wọlé padà jáde. Ẹ má fi agbára ti omi náà, nítorí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí omi bá jáde ní mímọ́ tí ó sì ń lọ geere, ẹ ti fi owó yín pamọ́ nìyẹn.

BÍ A TI Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀

Èyí tí ó lu ni kò ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ yín, ọdún rẹ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí ìwé kí ẹ tó lọ sí ọjà. Ará Ilé-Ogbó tí ó bá lọ sí ọjà Àràròmí ní Agodi-Gate, Ìbàdàn, yóò rí oríṣiríṣi níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní Èkó mọ Ládípọ̀ ní Mushin. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹ ṣe bí fọkanáísà ti ń ṣe sí táyà: ẹ rì í sínú báàfù omi, ẹ fi àtàńpàkò dí ẹnu kan, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu kejì. Bí omi bá hó kúṣọ́kúṣọ́, ẹ dá a padà fún un. Ẹ ra róbà tuntun méjì, kílíípù tí yóò dè wọ́n, àti kúláǹtì pẹ̀lú.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú kí ó lè tutù pátápátá. Ẹ tú orí odì bátìrì kúrò, kí ẹ sì dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọkọ̀ yín bá ní àpò afẹ́fẹ́ tí ń bẹ́ jáde nígbà ìjàǹbá, ẹ má tú wáyà kan tí ó lọ sí ìdí rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá dé ibẹ̀, ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Èkejì, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, kí ẹ tú omi rẹ̀ sínú bẹ́sìnì tí ó mọ́. Ẹ yí ọwọ́ híítà sí ibi gbígbóná kí ẹnu ọ̀nà omi lè ṣí.

Ẹ̀kẹta, ẹ so àkísà mọ́ ọ̀kan nínú róbà méjèèjì kí ẹ má baà ṣì wọ́n gbé fún ara wọn. Ẹ tú kílíípù, kí ẹ yí róbà sọ́tùn-ún sósì kí ó lè yọ. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fà á. Ẹ fi abẹ̀ là á ní gígùn, kí ẹ sì ṣí i kúrò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ibi tí ọkọ̀ ti yàtọ̀ sí ara wọn. Nínú àwọn kan, bí a bá ti yọ àpótí ọwọ́ àti ike abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, rédíétọ̀ kékeré náà yóò yọ láti ẹ̀gbẹ́ bí ìwé láti inú pẹpẹ, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Nínú òmíràn, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ni a gbọ́dọ̀ gbé kúrò, ìyẹn sì lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wádìí èyí tí tiyín jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, kò sí ìtìjú nínú kí a gbé e lọ fún oníṣẹ́. Àwọn ìdè tí ẹ bá tú, ẹ pín wọn sínú ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tẹ́ àkísà sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹnu rédíétọ̀ kékeré náà sókè bí ẹ ti ń fà á jáde, nítorí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi tuntun wé ti àtijọ́. Fóòmù tí ó yí ti àtijọ́ ká, ẹ fi irú rẹ̀ yí tuntun ká. Bí kò bá sí, atẹ́gùn yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìgbóná.

Ẹ̀kẹfà, ẹ de róbà, ẹ da omi, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń jò KÍ Ẹ TÓ dá ike àti dáṣíbọ́ọ̀dù padà. Ọ̀pọ̀ ni ó ti tò gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó rí i pé kílíípù kan kò fún.

Ìkeje ni ó gba sùúrù jù. Atẹ́gùn tí ó há sínú omi kì í jẹ́ kí omi lọ. Ẹ rọra máa da omi, kí híítà wà ní ibi gbígbóná, kí ẹ máa fún róbà ní fífún díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ní ìdè kékeré tí a ń tú kí atẹ́gùn lè jáde. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí láti ìgbà tí ó ṣì tutù, kí ẹ jìnnà sí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa bù kún un títí omi kò fi ní hó kúṣọ́kúṣọ́ mọ́. Nígbà náà ni kí ẹ dé e. Ẹ wà á yí ká àdúgbò, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì tún omi wò. Ẹ máa wò ó láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÍÌ SÍ

Àwọn mẹkáníìkì wa ní ọgbọ́n kan: wọ́n á yọ róbà méjèèjì kúrò lára híítà, wọ́n á sì fi wọ́n mọ́ ara wọn. A kò bú wọn. Bí wọ́n bá fi páìpù irin kékeré so wọ́n, tí wọ́n sì de kílíípù sí i lọ́tùn-ún lósì, omi yóò máa yí lọ bí ti tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ yóò sì rìn títí owó yóò fi dé. Ohun tí a kọ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ igi, kí wọ́n sì fi dí ẹnu róbà. Igi náà lè fò yọ lójijì, nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn sì rèé, ọ̀nà híítà yìí wà lára ọ̀nà tí omi gbọ́dọ̀ gbà nígbà tí tamọsítáàtì bá ṣì wà ní títì. A sì tún kọ ẹ̀tù ìdíhò tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀. Kí ó tó dí ihò tí a tìtorí rẹ̀ dà á, ó lè ti dí àwọn páìpù tín-ín-rín inú híítà ná.

Omi kànga lásán kò dára fún un pẹ̀lú. Ẹ̀pá funfun tí ẹ ń rí ní ìdí kẹ́tù yín, irú rẹ̀ ni yóò gbá jọ sínú híítà, ìpẹtà yóò sì tẹ̀ lé e. Kúláǹtì kì í ṣe fún yìnyín nìkan. Ó ń lé ìpẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó.

EWU MÉJÌ TÍ Ó TÓ Ẹ̀MÍ

Omi tí ń hó lórí ààrò kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ a máa há omi mọ́lẹ̀, ooru rẹ̀ sì lè kọjá 100 láìhó. Ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá ṣí i, yóò di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fò mọ́ ojú àti àyà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ó gbóná, ìbáà ṣe pẹ̀lú àkísà. Bí ó bá ti wá ṣẹlẹ̀, ẹ da omi tútù tí ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.

Èkejì ni kúláǹtì fúnra rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni; ó ń pa kíndìnrín. Ewúrẹ́ yóò lá a, ajá yóò lá a, ọmọ kékeré náà yóò sì tọ́ ọ wò. Ẹ rántí ọdún 2008, nígbà tí diethylene glycol, ìbátan májèlé yìí, wọ inú oògùn eyín àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, tí ọmọ tí ó lé ní 80 sì kú. Nítorí náà, omi tí ẹ bá tú sínú bẹ́sìnì, ẹ má fi sílẹ̀ ní àgbàlá, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má dúró wo àmì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, lọ́la, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ tẹ ọwọ́ sí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí ẹ sì yẹ omi ọkọ̀ yín wò nígbà tí ó ṣì tutù. Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà yín. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá gbẹ tí omi sì pé, ẹ máa lọ sí ọjà tàbí ilé ẹ̀kọ́ yín ní àlàáfíà. Bí ó bá tutù, ẹ ti mọ ohun tí ó ń ṣe é, ẹ sì ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.